Ohun Tí Aràn Ẹ̀dọ̀ Ń Gbà Lára Màlúù Kí Ó Tó Dé Abẹ́ Ọ̀bẹ

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, ẹ̀yin alápatà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú sùúrù.

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí kòkòrò afòmọ́ ṣe ń da iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ẹran rú. Kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀ ẹran kò kéré níye, ṣùgbọ́n orí ọ̀kan ni màá dúró sí jù lónìí, ìyẹn aràn pẹlẹbẹ tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Fasciola gigantica. Alápatà tó bá ti pẹ́ ní Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí ní Òkò-Ọba l'Ágége mọ̀ ọ́n dáadáa, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ yẹn. Ó rí bí ewé gígùn kan, ó ní àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje. Bí a bá fi ọ̀bẹ la ẹ̀dọ̀, tí a sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á yọ́ jáde pẹ̀lú òróòro tó ti dúdú.

Lọ́dọ̀ alápatà, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ tán. Wọ́n rí aràn, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ dànù tàbí kí wọ́n da gbogbo ẹ̀dọ̀ náà nù, ó parí. Gbogbo ènìyàn á sì gbà pé àdánù tó wà níbẹ̀ kò ju owó ẹ̀dọ̀ kan lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Owó ẹ̀dọ̀ yẹn ló kéré jù nínú gbogbo ohun tó sọnù. Kí màlúù náà tó dé abẹ́ ọ̀bẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fi oṣù bíi mélòó kan ṣe iṣẹ́ àṣedàbọ̀. Ṣúgà tó yẹ kí ó ṣe, kò ṣe é tó. Èròjà tó yẹ kí ó kọ́ ẹran sí màlúù náà lára, ibòmíràn ló gbà lọ. Ẹni tó sin ín ti san owó gbogbo èyí nínú koríko, nínú omi àti nínú wàrà tí kò rí fún. Kò kàn mọ̀ pé òun ń san án ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀dọ̀ màlúù ń ṣe tí tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ̀bà tán, kò ní pẹ́ rárá tí ṣúgà inú ẹ̀bà náà yóò fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko tí màlúù já lọ sínú àpòlúkù, àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú koríko náà, àwọn kòkòrò yẹn á ti jẹ ẹ́ tán. Ohun tí wọ́n ṣẹ́ kù fún màlúù ni àwọn ásíìdì mẹ́ta kan: acetate, propionate àti butyrate. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, propionate ni ẹ̀dọ̀ ń lò jù láti fi ṣe glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo glúkóòsì tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló jẹ́ pé inú ara ẹran náà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, yálà ẹran jẹun tàbí kò jẹun.

Ta ló ń jẹ glúkóòsì yìí? Ọpọlọ ń jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ inú oyún ń jẹ nínú rẹ̀. Ọmú tó ń ṣe wàrà ń jẹ jù wọ́n lọ, nítorí ara glúkóòsì ni ṣúgà inú wàrà ti ń wá. Nítorí náà, bí ohun kan bá dá ẹ̀dọ̀ abo màlúù dúró lẹ́nu iṣẹ́, a kò lè fi oúnjẹ tó ní ṣúgà dí i bí a ṣe lè fi omi ṣúgà mú ènìyàn dìde.

Ẹ fi èyí kún un pé ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú ṣúgà àfipamọ́ tí à ń pè ní glycogen. Òun ló ń ṣe álíbúmìn, purotéènì tó ń di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kó má baà máa jò sínú ẹran ara. Òun ló ń sọ amóníà tó lè pa ẹran di yúríà tí kò lè pa á. Fítámì A tí ẹran rí nínú koríko tútù nígbà òjò, ẹ̀dọ̀ ló ń fi pa mọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn. Oògùn tí a sì fún ẹran, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀.

Bí aràn náà ṣe ń dé ibẹ̀, màá yára sọ ọ́. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ màlúù jáde, ó ń bọ́ sínú omi, ó sì ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilẹ̀ wa. Ọmọ tó jáde kò ní ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ láti fi wá ìgbín omi kékeré kan, Radix natalensis, tí kò tó ìṣáwùrú tí à ń sè jẹ. Bí kò bá rí i, ó kú. Bí ó bá rí i, á wọ inú ìgbín náà, á sì máa di púpọ̀ níbẹ̀ títí ọ̀kan yóò fi di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn wọ̀nyí á jáde, wọ́n á lẹ̀ mọ́ koríko etí omi, wọ́n á fi èèpo líle bo ara wọn, wọ́n á sì dúró de ẹran tí yóò já koríko náà jẹ.

A mọ èyí nítorí àjálù kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò àrọ̀ìdá rọ̀ níbẹ̀ ní 1879, ìbátan aràn tiwa tó ń jẹ́ Fasciola hepatica sì pa àgùntàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta láàárín ọdún yẹn sí 1880. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìwádìí náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oxford, Algernon Thomas. Rudolf Leuckart náà ń ṣe irú ìwádìí kan náà ní Leipzig ní Jámánì. Láàárín 1881 sí 1883, àwọn méjèèjì, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é, fi hàn pé ìgbín ni aràn yìí ń gbà kọjá. Hepatica ni aràn ilẹ̀ olótùútù, gigantica ni ti ilẹ̀ olóoru, ìdí nìyẹn tí ìwádìí lórí hepatica fi pọ̀ ju ti gigantica lọ fíìfíì. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ara hepatica ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ìwà àwọn méjèèjì nínú ẹ̀dọ̀ jọra.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi jù nìyí.

Bí ẹran bá ti gbé aràn kékeré yìí mì, á bọ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìfun, á lu ògiri ìfun já, á bọ́ sínú ikùn, á sì máa rá lọ títí á fi kan ẹ̀dọ̀. Kò gba inú iṣan kankan. Ara ẹ̀dọ̀ níta ló ti ń dá ihò wọlé. Nígbà yẹn, ó kéré débi pé ojú lásán kì í tètè rí i. Láti ìgbà náà, ó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bọ̀ níwájú, ó sì ń fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní àwọn ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní cathepsin, àwọn ló fi ń yọ́ ẹran tó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó gbé e mì. Hepatica ń ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, gigantica ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó ṣe ń rìn ló ń dàgbà, bí ó sì ṣe ń dàgbà ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ihò kọ̀ọ̀kan ń kún fún ẹ̀jẹ̀ àti òkú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà á jinná, á di àpá líle. Àpá kì í ṣe glúkóòsì, kì í ṣe álíbúmìn, kì í ṣe òróòro. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Bí aràn bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àgùntàn, ìgbà yìí gan-an ló ń kú, nígbà mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ikùn rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe aràn ló pa á. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Clostridium novyi tó lè sùn sínú ẹ̀dọ̀ ẹran láìṣe é ní nǹkan. Ọ́síjìn ni kò jẹ́ kí ó jí. Nínú ihò tí aràn gbẹ́, níbi tí ẹran ara ti kú, ọ́síjìn kò sí mọ́. Bakitéríà náà á jí, á tú oró sínú ẹ̀jẹ̀, àgùntàn tó jẹun lálẹ́ á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Màlúù kì í sábà kú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi, ó sì lágbára. Ìfaradà rẹ̀ yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí a tètè mọ ohun tó ń ṣe é.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ohun kéékèèké tí à ń pè ní mitochondria wà. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ọ́síjìn sun oúnjẹ, kí wọ́n sì fi agbára tó bá jáde níbẹ̀ ṣe ATP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná lórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì kan ní Canberra ní Australia yọ mitochondria láti inú ẹ̀dọ̀ àwọn eku tó ní aràn hepatica. Mitochondria náà ṣì ń lo ọ́síjìn, wọ́n ṣì ń sun oúnjẹ, ṣùgbọ́n ATP tó ń jáde kò bá ohun tí wọ́n ń sun dọ́gba mọ́. Wọ́n dà bí jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo láti àárọ̀ dalẹ́ tí gílóòbù inú ilé kò sì tàn dáadáa. Ẹ sì má gbàgbé pé ATP ni ẹ̀dọ̀ ń ná láti fi ṣe glúkóòsì. Sẹ́ẹ̀lì tí aràn kò tíì jẹ pàápàá, tó wà láàyè, tó dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é, lè ti di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé mọ́. Glycogen tó wà nípamọ́ á máa dín kù, nítorí wọ́n ń mú nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dá a padà lọ.

Àgùntàn tó lóyún ìbejì ni mo máa ń ronú kàn bí mo bá ń sọ èyí. Ní oṣù tó kẹ́yìn oyún, ọmọ méjì ń fa glúkóòsì lára ìyá wọn. Bí ẹ̀dọ̀ ìyá kò bá lè pèsè rẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá. Ọ̀rá náà á rọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, kò sì ní lè sun ún tán. Àgùntàn náà á dá dúró sẹ́yìn agbo, kò ní fẹ́ jẹun, á máa rìn bí ẹni tí kò ríran, á sì dùbúlẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní oyún ló ṣe é. Oyún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aràn ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó máa ń tì í dé bẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, aràn á wọ inú iṣan òróòro, ibẹ̀ ló sì fi ń ṣe ilé. Ó lè gbé ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nínú àgùntàn ó lè tó ọdún bíi mélòó kan. Ó ń yé ẹyin níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́. Ọ́síjìn kò pọ̀ nínú òróòro, aràn àgbà kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ó ń fọ́ glúkóòsì láìfi ọ́síjìn sun ún, ó sì ń tu ohun tó bá ṣẹ́ kù jáde. Ohun tó ń tu jáde náà, acetate àti propionate ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ dúró ro èyí dáadáa. Ẹ̀dọ̀ gba propionate láti inú àpòlúkù, ó ná ATP lé e lórí, ó sọ ọ́ di glúkóòsì. Aràn gba glúkóòsì náà, ó yọ ìwọ̀nba tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró, ó sì sọ ìyókù di propionate padà.

Ohun mìíràn tún wà tí aràn yìí ń tú jáde, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Àpá inú iṣan òróòro màlúù tó ní aràn máa ń nípọn ju ohun tí ìfarapa lásán lè fà lọ. Ẹ wo iṣan tó yẹ kó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá nylon, tó wá nípọn bí okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń pọnmi. Kí ló fà á? Ní 1977, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Isseroff àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ohun tó fà á hàn. Aràn náà ń fa arginine, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ya purotéènì, ó ń sọ ọ́ di proline, ó sì ń tú u sínú òróòro lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n mú eku tí kò ní aràn kankan, wọ́n ń fi proline sí i nínú, iṣan òróòro eku náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn bí ẹni pé aràn wà níbẹ̀. Proline wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ àpá. Ìdọ̀tí tí aràn yọ kúrò lára rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ fi ń kọ́ ògiri yí i ká, ilé aràn á sì máa fẹ̀, á máa le.

Nínú màlúù, ògiri yẹn tún ń gbà kálísíọ́ọ̀mù sára, ó ń le bí egungun. Ẹ̀yin alápatà mọ èyí. Bí ọ̀bẹ bá dé ibẹ̀, á dún gírígírí bí ẹni tó ń gé yanrìn. Ẹ bá mi wo ohun mìíràn nígbà tí ẹ bá tún la ẹ̀dọ̀ irú màlúù bẹ́ẹ̀: ẹ gbé e kalẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ara ẹran, kí ẹ sì fi apá òsì wé apá ọ̀tún. Apá òsì ló sábà máa ń sún kì, tó ń le, tó ń funfun, nítorí ibẹ̀ ni aràn pọ̀ sí jù. Apá ọ̀tún á ti wú kọjá bó ṣe yẹ, torí pé ó ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí apá ọ̀tún bá tóbi bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí ẹ̀dọ̀ náà ti ń jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀jẹ̀. Aràn àgbà ń mu ẹ̀jẹ̀. Lára àgùntàn, wọ́n ti wọ̀n ọ́n pé aràn kan lè fa ìpàdánù tó tó ìdajì mílílítà lójúmọ́. Ó kéré létí. Bí aràn bá tó ọgọ́rùn-ún, mílílítà àádọ́ta nìyẹn lójúmọ́, lítà kan àti ààbọ̀ lóṣù. Álíbúmìn ń bá ẹ̀jẹ̀ yìí lọ sínú ìfun. Nígbà tí álíbúmìn bá ń lọ, ẹ̀dọ̀ kì í jókòó wò ó. Bó ti wù kí ó bàjẹ́ tó, á tún máa ṣe álíbúmìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti fi dí èyí tó ń jò. Ibo ló ti ń rí ohun tó fi ń ṣe é? Nínú oúnjẹ ni, bí oúnjẹ bá dára. Bí oúnjẹ kò bá dára, ara ẹran náà fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ fi ṣe é.

Ìdí nìyí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi burú tó bẹ́ẹ̀ fún màlúù tó ní aràn. Láti oṣù kọkànlá títí òjò yóò fi padà, koríko orí ilẹ̀ gbígbẹ ti di pòròpórò, purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí koríko tútù kù sí ni àkùrọ̀ àti etí odò, ibẹ̀ náà sì ni ìgbín àti aràn wà. Darandaran kò ní ibòmíràn tó lè da ẹran rẹ̀ lọ, nítorí náà kò yẹ kí a dá a lẹ́bi. Màlúù náà á wá máa jẹ aràn tuntun, oúnjẹ rẹ̀ kò ní purotéènì tó fi lè rọ́pò ohun tí aràn àtijọ́ ń fà lọ, ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an á sì máa dín kù. Ẹ̀yìn á yọ egungun. Ìpẹ̀ǹpẹ́jú inú á funfun. Lọ́jọ́ kan ẹ ó rí i pé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ wọ̀lọ̀, omi ti dá síbẹ̀, nítorí álíbúmìn kò tó láti di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọjọ́ yẹn ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta, ó ti tó mẹ́fà, tó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ láìpa ẹran? Àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà, à ń wá ẹyin aràn nínú rẹ̀. Ó dára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n aràn tí kò tíì dàgbà kì í yé ẹyin. Ní gbogbo ìgbà tí aràn gigantica bá ń dá ihò lu nínú ẹ̀dọ̀, ìgbẹ́ á mọ́ féfé, a lè máà rí ẹyin kankan fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù GLDH ń gbé inú mitochondria sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ń fọ́, ó ṣeé ṣe kí aràn kéékèèké máa rìn nínú rẹ̀. GGT ní tirẹ̀ ń ti ara iṣan òróòro wá, èyí tó bá sì lọ sókè, ó ṣeé ṣe kí aràn ti dé ibùgbé rẹ̀. Àwọn àìsàn ẹ̀dọ̀ mìíràn náà lè gbé wọn sókè, nítorí náà dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fi ojú wo ẹran, kí ó béèrè ibi tó ti jẹko, kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo rí i pé a kì í sọ tó. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn palẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù tó fi ń ṣe é ń jẹ́ cytochrome P450. Ìwádìí lára eku àti lára àgùntàn fi hàn pé aràn ẹ̀dọ̀ ń dín agbára wọn kù. Ẹran tó ní aràn lè pẹ́ kí ó tó tú oògùn palẹ̀ ju ẹran tó ní ìlera lọ. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, pé kí a fi dúró kí a tó pa ẹran tàbí kí a tó mu wàrà rẹ̀, ara ẹran tó ní ìlera ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fún màlúù tó rù ní abẹ́rẹ́ àǹtíbáyótíìkì lọ́jọ́ Ajé, tó sì mú un lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì, ohun tí kò yẹ kí ọmọ ènìyàn jẹ ló ń tà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń sin ehoro wà níbí náà. Tiyín kì í sábà jẹ́ aràn, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Eimeria stiedae ni. Ó ń bí sí i nínú ògiri iṣan òróòro ehoro, á wá yọ bí kókó funfun káàkiri ẹ̀dọ̀. Ọmọ ehoro tí ikùn rẹ̀ wú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbẹ, ẹ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò bí ó bá kú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ àgò wọn gbẹ, kí ìgbẹ́ má kan oúnjẹ wọn.

Nípa oògùn. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí owó àwọn tálákà ló ń bá a lọ. Abẹ́rẹ́ ivermectin kì í pa aràn ẹ̀dọ̀. Levamisole kì í pa á. Wọ́n dára fún aràn inú ìfun, ivermectin sì ń pa iná àti àwọn eégbọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò wọ́n nítorí aràn ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Albendazole ń pa á, aràn àgbà nìkan ni, ìwọ̀n tí a ó lò sì ju ti aràn ìfun lọ. Kí a má fún ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó ń pa aràn kéékèèké tó ń rìn nínú ẹ̀dọ̀ ni triclabendazole, tó jáde ní àwọn ọdún 1980. Torí pé ó dára jù, wọ́n lò ó ní àlòjù. Ní 1995, ìròyìn jáde ní Australia pé àwọn aràn kan kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sì ti jáde ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n tí kò tó ló ń kọ́ aràn láti fara da oògùn.

Ìgbà méjì lọ́dún ni mo dábàá. Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹran má baà gbé aràn wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ tún fún wọn lẹ́ẹ̀kejì kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹyin aràn má baà wà nínú ìgbẹ́ tí àgbàrá yóò gbé lọ sínú àkùrọ̀. Tí agbára bá wà, ẹ fún ẹran lómi nínú ọpọ́n, kí wọ́n má wọ odò. Láàárín àsìkò tí ẹ ń lo oògùn, ẹ fún wọn ní ohun tó ní purotéènì, ewé ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà tàbí ewé agúnmániyè. Oògùn lè pa aràn lọ́jọ́ kan, ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ púpọ̀ àti oúnjẹ gidi kí ó tó lè tún ara rẹ̀ ṣe, àpá tó ti le kì í sì lọ tán.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni bóyá ẹni tó jẹ ẹ̀dọ̀ tó ní aràn máa kó aràn. Rárá. Bí a bá ti sè é jinná dáadáa, aràn inú rẹ̀ ti kú. Ewé tútù tó hù nínú omi tàbí etí omi, tí a kò sè, àti omi odò tí a kò sẹ́, tí a kò sè, ni ènìyàn fi ń kó o. Ó sì ń mú ènìyàn lóòótọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó tó mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ènìyàn tó ní in, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́rin.

Ẹ̀yin alápatà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àpò òróòro màlúù tó ní aràn kún fún ẹyin. Ọ̀pọ̀ odò ẹran wa, etí omi ló wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń da òróòro, ìgbẹ́ inú àpòlúkù àti ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé dànù sí. Ìsàlẹ̀ odò náà ni màlúù àti ewúrẹ́ àwọn ará abúlé ti ń mu omi. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn jìnnà sí omi, kí ẹ máa da òróòro àti ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi eérú tàbí ìyẹ̀fun láìmù bò ó kí ẹ tó fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀dọ̀ màlúù tó ti ọwọ́ ẹnì kan wá ń ní aràn lemọ́lemọ́, ẹ pe ẹni náà, kí ẹ sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí inú ẹran rẹ̀, òun kì í rí i.